Kọ̀ǹpútà tó ń kú ní ìdajì iṣẹ́: bí mo ṣe dín iná prósẹ́sọ̀ mi kù ní Àjàṣẹ́

Fídíò ìgbéyàwó ni mo fi ń jẹun nílùú Àjàṣẹ́, tí ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní, nígbà tí ọyẹ́ bá dé, òde ayẹyẹ máa ń pọ̀ débi pé kọ̀ǹpútà mi kì í sinmi. Àsìkò yẹn gan-an ló bẹ̀rẹ̀ sí í kú mọ́ mi lọ́wọ́. Tí mo bá ní kó máa gbé fídíò jáde, tó bá tó bí ìṣẹ́jú 11, ojú rẹ̀ á ṣú, fáànù á dákẹ́. Kò ní kìlọ̀ rárá. Ìyá ìyàwó kan pè mí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan: "Ọmọ mi, fídíò wa dà?" Ojú tì mí gan-an, torí mo ti gba owó wọn.

Prósẹ́sọ̀ Ryzen 9 5950X ló wà nínú rẹ̀. Tòkunbọ̀ ni mo rà á, òun àti mọ́dábọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, power pack ló ti bàjẹ́, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ rẹ̀." Mo ní kó ní sùúrù, torí bí kọ̀ǹpútà bá ṣe kú ló máa ń sọ ohun tó pa á.

Tí power pack, ìyẹn àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà, bá rí i pé ìṣàn iná ti kọjá ààlà, ṣe ló máa ń ti ara rẹ̀ pa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í dáhùn mọ́ àfi kéèyàn yọ wáyà lára ògiri, kó dúró díẹ̀, kó tó tún kì í bọ̀ ọ́. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Tí mo bá fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, bọ́tìnnì lásán ni mo máa tẹ̀, á sì jí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kì í kú kété tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀. Ìṣàn tó fò sókè lójijì kì í dúró de ìṣẹ́jú 11. Ooru ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo ṣí HWiNFO, ètò tó ń fi ooru àti iná inú kọ̀ǹpútà hàn, mo tún gbé fídíò náà sẹ́nu iṣẹ́. Prósẹ́sọ̀ wà ní 84 °C, 90 sì ni òpin tirẹ̀, nítorí náà kì í ṣe òun. Mo wo ìsàlẹ̀ títí mo fi rí ìlà VRM: 117 °C, ó sì ṣì ń gòkè.

VRM ni àwọn ẹ̀yà dúdú pẹlẹbẹ àti àwọn onígun mẹ́rin aláwọ̀ eérú tó tò sí ẹ̀gbẹ́ prósẹ́sọ̀. Àwọn ló ń sọ fóòtì 12 tó ti power pack wá di nǹkan bíi fóòtì 1.2 tí prósẹ́sọ̀ lè lò. Ẹ fara balẹ̀ bá mi ṣírò èyí. Ká ní wáàtì 120 ni. Lára ògiri, níbi tí iná ti jẹ́ fóòtì 220, díẹ̀ ló fi lé ní ìdajì ámpù. Nínú wáyà fóòtì 12, ó di ámpù 10. Tó bá fi máa dé fóòtì 1.2, ámpù 100 ló ti dà, iná kan náà o! Bí ìṣàn bá sì di ìlọ́po méjì nínú irin kan, ooru inú irin náà á di ìlọ́po mẹ́rin. Ibẹ̀ ni mọ́dábọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú ti ń jìyà.

Ẹ̀ṣọ́ mẹ́ta ni AMD, ilé-iṣẹ́ tó ṣe prósẹ́sọ̀ náà, fi ṣọ́ ọ̀rọ̀ yìí. PPT ń ṣọ́ gbogbo agbára tó ń wọ ibi tí prósẹ́sọ̀ jókòó sí. Wáàtì 142 ni ti 5950X. TDC ń ṣọ́ ìṣàn tí VRM lè gbé pẹ́ láìgbóná jù, ámpù 95. EDC ń ṣọ́ ìṣàn tó fò sókè fún ìgbà kúkúrú, ámpù 140. Tí èyíkéyìí bá kan ààlà, prósẹ́sọ̀ kì í kú. Á dín ìyára àti fóòtì kù, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ti pé tèmi ń kú jẹ́ kí n fura pé ẹnìkan ti lé àwọn ẹ̀ṣọ́ náà kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Nínú BIOS, ètò inú mọ́dábọ́ọ̀dù tó ń jí kọ̀ǹpútà, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti fi PBO, ètò tó ń jẹ́ kéèyàn sún àwọn ààlà yẹn sókè, sí "Motherboard", ìyẹn ni pé ààlà tí mọ́dábọ́ọ̀dù bá fúnra rẹ̀ yàn ló ń tẹ̀lé, PPT sì ti di 300. Inú mi bàjẹ́. Mọ́dábọ́ọ̀dù tí kò ní irin amóoru-kúrò tó dáa lórí VRM, wọ́n ní kó gbé ẹrù tó tó yẹn!

Kí n tó fọwọ́ kan nọ́ńbà kankan, mo yọ wáyà, mo gbé kọ̀ǹpútà náà síta. Eruku ọyẹ́ tó wà láàárín àwọn ẹ̀yà VRM kúnná bí èlùbọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kù. Búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà tí mi ò tíì lò rí ni mo fi gbá a díẹ̀díẹ̀, ọmọ yẹn sì di abẹ fáànù mú kó má bàa yí nígbà tí mo ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Mi ò tún BIOS fúnra rẹ̀ ṣe sí tuntun, torí tí iná bá lọ láàárín iṣẹ́ yẹn, mọ́dábọ́ọ̀dù lè má jí mọ́.

Mo wá pa PBO. Ní 142, 95 àti 140, fídíò náà jáde ní ìṣẹ́jú 38, àmọ́ VRM dé 104 °C. Mo gbìyànjú Eco Mode, ètò tó ń dín iná prósẹ́sọ̀ kù, èyí tí wọ́n ń pè ní ti wáàtì 65, tó ń fi PPT sí 88, TDC sí 60, EDC sí 90. VRM dúró ní 81, iṣẹ́ gba ìṣẹ́jú 46. Wáàtì lọ sílẹ̀ gan-an, àkókò kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, torí tí ìyára bá dín díẹ̀, fóòtì náà á dín, agbára tí prósẹ́sọ̀ ń jẹ sì ń tẹ̀lé fóòtì ní ìlọ́po ara rẹ̀. Níkẹyìn, mo fi ọwọ́ kọ 110, 72 àti 110, mo sì yí fáànù kan kó máa fẹ́ sí VRM. Ó dé 90 °C, ìṣẹ́jú 42. HWiNFO fi hàn pé PPT ló ń kọ́kọ́ kan 100%, ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn.

Mo fi sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ mọ́jú, fídíò mẹ́rin ló jáde láìkú. Ìyá ìyàwó gba tiwọn láàárọ̀. Tí bátìrì kékeré inú mọ́dábọ́ọ̀dù bá kú, BIOS á gbàgbé gbogbo rẹ̀, nítorí náà mo kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí àpótí rẹ̀.