Ìdí ìjàpá mi ga sókè lẹ́yìn tí mo pààrọ̀ axle: bí mo ṣe sọ̀ ọ́ kalẹ̀

Nígbà tí mo sọ ọkọ̀ náà kalẹ̀ kúrò lórí jáàkì, mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Mo fi àkísà nu ọwọ́, mo fà sẹ́yìn kí n lè wo iṣẹ́ ọwọ́ mi dáadáa, ni ẹ̀rín bá fẹ́ pa mí, inú sì tún ń bí mi. Volkswagen Beetle ni ọkọ̀ yìí, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí ìjàpá. Ìdí rẹ̀ dìde sókè bí ẹni pé ó fẹ́ kirun mọ́ ilẹ̀. Ìsàlẹ̀ táyà ẹ̀yìn méjèèjì ká wọnú, bí ẹsẹ̀ ọmọdé tí ìtọ̀ ń gbọ̀n.

Axle kúkurú, ìyẹn irin tó so táyà ẹ̀yìn mọ́ gíà, ló wà lábẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí tí mo fi rọ́pò rẹ̀ ni axle gígùn irú ti ọdún 1967, tó máa ń jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn yọ sóde díẹ̀ sí i. Swing axle ni àwọn méjèèjì: ìdí gíà nìkan ni oríkèé wọn wà, nítorí náà axle ń jù sókè jù sílẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ, táyà sì ń tẹ̀ lé e. Bí ìdí ọkọ̀ bá ga, ìsàlẹ̀ táyà á wọnú. Bí ó bá lọ sílẹ̀, orí táyà ni yóò wọnú. Ẹni tó bá fi eré wọ kọ́nà pẹ̀lú ìdí tó ga báyìí, táyà ẹ̀gbẹ́ òde lè ká wọ abẹ́ ọkọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè gbé e jáde bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tí mo ṣe dáadáa ni pé mo ti wọn ọkọ̀ kí n tó tú u. Láti àárín rim dé etí mọ́gáàdì ẹ̀yìn, sẹ̀ntímítà 35 ni. Nígbà tí mo tún fi téèpù lé e, 44 ni mo bá. Mo pe ọ̀gá kan tó ti pẹ́ nídìí ìjàpá, mo sì ti múra láti di ẹ̀bi ru axle.

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Axle tí mo rà yìí ti gbé ìdí ọkọ̀ mi sókè o."

"Ṣé o ti tì í lọ tì í bọ̀?"

"Rárá o."

"Tì í ná."

Mo tì í bíi mítà mẹ́ta síwájú, mo tì í padà, mo fi ìdí jókòó lé bọ́ńpà, mo tún tì í. Táyà tó ti ká wọnú nígbà tí ọkọ̀ wà lórí jáàkì kò lè nà jáde tí kò bá yí. Ilẹ̀ á gbá a mú síbẹ̀ ni. Ó lọ sílẹ̀ sí 41. Sẹ̀ntímítà mẹ́fà ló kù tí mi ò mọ ibi tó ti wá.

"Ṣé o pààrọ̀ búùṣì nígbà tí o wà lábẹ́ ibẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá. Rọ́bà wọn ti gbẹ."

"Ṣé o sàmì sí eyín kí o tó fà á yọ?"

Mo dákẹ́.

"Axle kọ́ ló gbé e sókè. Ìwọ ni."

Ẹni tí kò bá tíì wo abẹ́ ìjàpá rí lè máa wá síprìńgì onílọ́ kiri níbẹ̀. Kò ní rí i. Irin gbọọrọ kan ló wà nínú páìpù tó dábùú ọkọ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Torsion bar ni wọ́n ń pè é. Orí rẹ̀ ti inú há sí àárín páìpù, kò lè yí. Orí ti òde ni irin pẹlẹbẹ kan kọ́ mọ́, irin pẹlẹbẹ yìí ló sì na ẹ̀yìn lọ di axle mú. Bí táyà bá gun òkè, irin gbọọrọ yẹn á lọ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń fún aṣọ tó tutù, agbára tó fi fẹ́ tú ara rẹ̀ padà ló sì ń gbé ọkọ̀ ró. Nítorí náà, ibi tí irin pẹlẹbẹ bá kọ ojú sí nígbà tí kò sí ẹrù kankan lórí rẹ̀ ló ń pinnu bí ìdí ọkọ̀ yóò ṣe ga tó.

Orí méjèèjì irin náà ní eyín, àmọ́ iye wọn kò dọ́gba. Eyín 40 ló wà nínú, 44 ló wà lóde. Ẹni tó ro èyí jinlẹ̀ gbọ́n púpọ̀. Eyín inú kan jẹ́ dígírì 9, eyín òde kan jẹ́ dígírì 8.18. Bí o bá sún ti inú sókè ní ẹyọ kan, tí o sì dá ti òde padà sílẹ̀ ní ẹyọ kan, ìyàtọ̀ tó kù kò ju dígírì 0.82 lọ, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà mẹ́fà níbi táyà. Ṣùgbọ́n bí o bá ṣèèṣì fo eyín òde kan ṣoṣo, sẹ̀ntímítà mẹ́fà nìyẹn. Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì.

Nígbà tí mo rántí, ara mi tiẹ̀ ti sọ fún mi. Lọ́jọ́ tí mo ń dá irin pẹlẹbẹ padà lẹ́yìn búùṣì, jáàkì tí mo fi ń tì í sókè fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ọkọ̀ kúrò lórí sítáǹdì. Mo rò pé búùṣì tuntun ló le.

Bí mo ṣe máa tún wọnú rẹ̀ báyìí, mo ní n kúkú sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kó dúró ní 33. Sẹ̀ntímítà mẹ́jọ ni mo ń wá. Mo ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn páálí kan: eyín inú mẹ́ta sókè jẹ́ dígírì 27, eyín òde méjì padà sílẹ̀ jẹ́ 16.36, ó ku 10.64. Irin pẹlẹbẹ náà gùn tó sẹ̀ntímítà 42 dé ibi axle, nítorí náà dígírì yẹn á fún mi ní mẹ́jọ ó dín díẹ̀. Ó tó.

Mo gbé ọkọ̀ sórí sítáǹdì méjì, mo dí táyà iwájú, mo yọ táyà ẹ̀yìn. Mo tú bóòtù ìsàlẹ̀ sọ́ọ̀kì (shock absorber). Mo fi ṣísẹ̀lì fa ìlà tó gba orí irin pẹlẹbẹ kọjá sára ilé bíárìn, kí n lè mọ ibi tí wọ́n ti so pọ̀, lẹ́yìn náà ni mo tú bóòtù mẹ́ta tó dì wọ́n mú, mo sì fa axle sẹ́yìn, tí ojú mi ń ṣọ́ rọ́bà bíréèkì kó má nà jù.

Ibi tó ń bani lẹ́rù ló kàn. Irin pẹlẹbẹ náà jókòó lórí èjìká irin kan pẹ̀lú agbára tó lè ṣẹ́ ẹsẹ̀ ènìyàn. Mo gbé jáàkì sí ìdí rẹ̀, mo fi ẹ̀wọ̀n di jáàkì mọ́ ara ọkọ̀ kó má bàa yọ̀, mo sì tú bóòtù mẹ́rin tó di ìdérí búùṣì mú. Mo tì í sókè díẹ̀díẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín fi yọ láàárín òun àti èjìká. Mo fi ọ̀pá irin yọ ọ́ sóde, ara mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, n kò dojú kọ ọ́. Mo wá ń tú jáàkì bí ẹni ń tú omi sórí ọmọ tuntun. Ó dún "kẹ̀ẹ́", ó dún lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá dákẹ́. Nígbà tí mo fi ọwọ́ mì í, ó rọ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀dà funfun ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo fa ìlà kan gba orí irin gbọọrọ kọjá sórí irin pẹlẹbẹ. Mo gbé fóònù tó ní ohun ìwọn dígírì lé etí ilẹ̀kùn, ó ka 1.2, mo gbé e lé irin pẹlẹbẹ, mo yọ ti etí ilẹ̀kùn kúrò nínú rẹ̀, ó ku 25.8. Ibi tí mo ń lọ ni 15.2. Ẹ má fo ti etí ilẹ̀kùn o. Orí sítáǹdì, ọkọ̀ kì í sábà tẹ́ dọ́gba.

Kí irin gbọọrọ tó lè jáde pátápátá, mo ní láti tú àwọn bóòtù iwájú mọ́gáàdì ẹ̀yìn kí n sì yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo fi àkísà wé irin náà bí mo ṣe ń fà á, nítorí ibi tó bá ha ni yóò dípẹtà, ibẹ̀ náà ni yóò sì ti ṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Lẹ́tà L wà lórí ti òsì, R lórí ti ọ̀tún. Wọn kì í pààrọ̀ ara wọn, torí pé láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti lọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí apá tirẹ̀.

Mo fi gírísì sí eyín, mo fi èékánná àtàǹpàkò ka mẹ́ta, mo tì í wọlé. Eyín kan wà tó ń tàn mí: ó wọlé díẹ̀, ó dúró, kò lọ mọ́. Mo yọ ọ́, mo tún kà á, ó wọ̀. Mo wá kọ́ irin pẹlẹbẹ sí òde, méjì padà sílẹ̀. Fóònù ní 15.4. Mo rẹ́rìn-ín nìkan lábẹ́ ọkọ̀.

Búùṣì kò fẹ́ gírísì rárá. Páúdà ni mo fi pa á, kó lè yọ̀ wọlé láìba rọ́bà jẹ́. Wọ́n kọ "oben" sí i lára. Èdè Jámánì ni, òkè ló túmọ̀ sí, kí ẹ jẹ́ kó kọjú sókè. Mo fi bóòtù gígùn méjì ti ìdérí wọlé díẹ̀díẹ̀ bí jáàkì ṣe ń gbé irin pẹlẹbẹ padà sórí èjìká rẹ̀, mo wá fi bóòtù tirẹ̀ rọ́pò wọn. Jáàkì kò gbé ọkọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀wọ̀n kò tiẹ̀ le dan-in. Ẹ̀gbẹ́ kejì kò gbà mí tó ìdajì àkókò ti àkọ́kọ́.

Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo tì í lọ tì í bọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì wà á yí ká díẹ̀. Òsì wà ní 33, ọ̀tún wà ní 33.5. Mo lè fi eyín inú kan àti òde kan lé mìlímítà márùn-ún yẹn, ṣùgbọ́n mi ò ní tú ẹ̀gbẹ́ kan látorí ìyẹn. Orí táyà wọnú díẹ̀ báyìí, bó ṣe yẹ kó rí. Ihò bóòtù tó wà lórí irin pẹlẹbẹ gùn, ó ṣeé sún axle síwájú tàbí sẹ́yìn nínú rẹ̀, nítorí náà mo gbé ọkọ̀ lọ fún alignment, kí wọ́n bá mi wò ó bóyá táyà kọjú síbi tó yẹ, wọ́n sì rí i pé táyà òsì ti yí sóde díẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó rí i pé iná iwájú ń tàn sórí igi. Ìdí ti lọ sílẹ̀, imú ti gbé sókè. Mo mú sukudiráfà, mo padà síta.