Bí iná tó ń ṣẹ́jú nínú fíìmù bọ́ọ̀lù ọgbà ẹ̀wọ̀n wa ṣe dúró

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, a ti ya ìran náà tán. Nínú gbọ̀ngàn ọgbà ẹ̀wọ̀n tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, gbogbo ìran tá a fẹ́ kó lọ́ra ló ń ṣẹ́jú: ògiri á mọ́lẹ̀, á tún ṣú, bẹ́ẹ̀ ni òógùn ojú aṣọ́lé ń hàn, tó ń pòórá. A pààrọ̀ lẹ́ǹsì, a pààrọ̀ gílóòbù, pàbó ni. Àṣé iná 50 Hz (ìyẹn iná mànàmáná tó ń yí lọ yí bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó sì ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì nínú yíyí kọ̀ọ̀kan) máa ń ṣẹ́jú nígbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àwòrán 120 làwa sì ń yà láàárín àkókò kan náà. Mo dá a padà sí 100, ṣọ́tà (ìyẹn bí ojú kámẹ́rà ṣe ń pẹ́ tó ní ṣíṣí fún àwòrán kan) sì jẹ́ 1/100 ìṣẹ́jú àáyá. Ìmọ́lẹ̀ dúró digbí! Tí iná yín bá jẹ́ 60 Hz, 120 ni kẹ́ ẹ lò. Kámẹ́rà yín lè yàtọ̀ sí tiwa o, ẹ kọ́kọ́ dán an wò.