Ẹ Má Fún Ẹ́ńjìnnì Omi Lọ́rùn: Ìtọ́sọ́nà Páìpù fún Alákùrọ̀

Nítorí ẹ̀fọ́ tó gbẹ mọ́ orí ebè lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá la ṣe kọ ìwé yìí. Ẹ́ńjìnnì ń ké lẹ́bàá odò, bẹntiróòlù ń tán, omi tó dé òkè oko ò tó nǹkan.

Àṣìṣe kan náà ni mò ń bá káàkiri: ẹnu ẹ́ńjìnnì jẹ́ íǹṣì 2, olóko á wá ki họ́ọ̀sì íǹṣì 1 bọ̀ ọ́, "kí omi lè ní agbára." Irọ́ ni! Ẹ lè fún ẹnu họ́ọ̀sì pọ̀ níbi tí omi ti ń jáde, kó lè ta jìnnà. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ gbogbo ọ̀nà di tóóró.

Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi ilé yín díẹ̀. Omi á sọ̀kalẹ̀ bí ọ̀pá gíláàsì, kò ní mì. Ẹ ṣí i sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, á máa pariwo. Lọ́dún 1883, Osborne Reynolds, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Manchester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, da aró sínú omi tó ń gba inú ọ̀pá gíláàsì kọjá. Nígbà tí omi ń rọra lọ, aró na gbọnrangandan bí okùn òwú. Nígbà tí eré pọ̀, okùn já, aró ń yí bírí, ó dàrú mọ́ omi.

Nínú páìpù íǹṣì 1, láàárín lítà 2 sí 4 ní ìṣẹ́jú kan ni omi ti ń bẹ̀rẹ̀ sí dàrú, tí á máa yí bírí bí aró yẹn. Oko wo nìyẹn tó fún? Omi yín á dàrú dandan. Tó bá ti dàrú, ẹ sọ omi tó ń kọjá di ìlọ́po méjì, agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń ti omi, tí páìpù ń jẹ dànù, á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Omi kan náà nínú íǹṣì 1 dípò íǹṣì 2? Agbára tí páìpù ń jẹ á di nǹkan bí ìlọ́po 30.

Ẹ má kọjá ìwọ̀nyí ní ìṣẹ́jú kan: lítà 44 fún páìpù íǹṣì 1; lítà 100 fún íǹṣì 1½; lítà 175 fún íǹṣì 2; lítà 400 fún íǹṣì 3. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 25 sẹ́nu páìpù íǹṣì 1. Bó bá kún kí ìṣẹ́jú-àáyá 34 tó pé, páìpù ti kéré jù fún omi tí ẹ ń lò.

Wọ́n á ní páìpù ńlá wọ́n. Ṣé bẹntiróòlù ni ò wọ́n?

Lórí páìpù íǹṣì 2, igun kan tó ṣẹ́ gan-an ń jẹ agbára tó páìpù gígùn mítà 1.5. Ẹ dín igun kù. Họ́ọ̀sì tó ń fa omi láti inú odò ńkọ́? Íǹṣì 2 náà ni, ẹ má fi tóóró pààrọ̀ rẹ̀ rárá.