Bí ẹ ṣe lè yẹ ẹ́ńjìnnì Ìjàpá àlòkù wò, kí ẹ sì tún un ṣe, kó tó wọnú ọkọ̀

Ẹ́ńjìnnì Volkswagen Ìjàpá tí wọ́n bá gbé dé Òṣogbo lónìí, yálà ọjà pátì Ládípọ̀ l'Ékòó ló ti wá tàbí ti Gate n'Ìbàdàn, kì í dọ̀tí. Wọ́n á ti fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, wọ́n á sì ti fi ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà kùn ún. Ẹ má wo ọ̀dà. Ilé ẹ́ńjìnnì gan-an lẹ fẹ́ fowó rà, ìyẹn abala méjì tí wọ́n dè pọ̀, tí kíráńkì, ọ̀pá irin tí písítìnnì ń yí, wà nínú rẹ̀. Písítìnnì, sílíńdà, fááfù àti káríbúrétọ̀ ṣì ṣeé rà ní tuntun. Ilé tó bá ti jẹ ní tirẹ̀, gbogbo ohun tuntun tí ẹ bá kó sínú rẹ̀ ló máa bà jẹ́.

Kí owó tó kúrò lápò

Ẹ kọ́kọ́ ka nọ́ńbà rẹ̀, tó wà lára ilé ẹ́ńjìnnì nísàlẹ̀ ìjókòó dáínámò. Lẹ́tà iwájú ló ń sọ irú ẹ́ńjìnnì tó jẹ́: F ni 1300 àtijọ́, H ni 1500, AB ni 1300 tó ní ihò afẹ́fẹ́ méjì ní tọ́pù (ìdérí orí sílíńdà) kọ̀ọ̀kan, AD sì ni 1600 onírú ihò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lẹ́tà kò lè sọ ohun tí mẹkáníìkì ti pààrọ̀ sínú rẹ̀. Tí ẹ bá ṣí tọ́pù, ẹ wọn ẹnu sílíńdà: 85.5 mm ni ti 1600, 77 mm ni ti 1300.

Ẹ fi sípánà 30 yí bóòtù púlì kíráńkì sápá ọ̀tún. Bí gbogbo púlọ́ọ̀gì bá wà nídìí wọn, ẹ máa rí i pé afẹ́fẹ́ á dá yín dúró lẹ́ẹ̀mejì kó tó yí po lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ń yí gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ láì sí ìdádúró kankan, fááfù tàbí ríngì ti lọ. Bí kò bá yí rárá, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ fi ṣe pátì.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fọwọ́ méjèèjì di púlì náà mú, ẹ tì í sínú, ẹ tún fà á síta. Kò yẹ kí ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i pé ó rìn. Ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ fi sílẹ̀ jẹ́ 0.07 mm sí 0.13 mm, tó bá sì ti kọjá 0.15 mm, ó ti jẹ. Díálì géèjì ló ń wọn èyí dáadáa, ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá ní i, etí yín tó: bí ó bá ń dún kọ̀, kọ̀, ó ti lọ jìnnà. Ohun tó ń fà á ni pé ìgbàkígbà tí awakọ̀ bá tẹ kíláàṣì, kíráńkì ni agbára náà ń tì, bẹ́árìǹgì àkọ́kọ́ tó wà lẹ́yìn fìláwíìlì (wíìlì irin ńlá tó wà lórí kíráńkì) ló sì ń gbà á. Bó bá pẹ́, bẹ́árìǹgì yẹn á máa lu ibi tó jókòó sí, màgnísíọ̀mù ilé ẹ́ńjìnnì kò sì le tó irin.

Ṣímù mẹ́ta, ìyẹn òrùka irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ló wà lẹ́yìn fìláwíìlì tí wọ́n fi ń dín ìrìn yìí kù. Olùtajà á ní, "Ṣímù lásán ni, ẹ̀gbọ́n." Òótọ́ lè wà níbẹ̀. Kí ẹ lè mọ̀, ẹ ní kí wọ́n tú fìláwíìlì, kí ẹ máa wo bẹ́árìǹgì náà bí ẹnìkan ṣe ń ti kíráńkì síwá-sẹ́yìn. Bí bẹ́árìǹgì bá dúró gbọin, tí kíráńkì nìkan ń rìn, ṣímù á tán an. Bí bẹ́árìǹgì fúnra rẹ̀ bá ń bá kíráńkì rìn nínú ilé, ṣímù kò lè ṣe é. Wọ́n ní láti tún gbẹ́ gbogbo ìjókòó bẹ́árìǹgì lórí ìlà kan náà, kí ẹ sì ra bẹ́árìǹgì tí ìta rẹ̀ fẹ̀ jù ti tẹ́lẹ̀ lọ ní 0.5 mm. Àyàfi bí iye tí wọ́n ń tà á bá kéré gan-an, ẹ wá òmíràn.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn sílíńdà kẹta, èyí tó wà lápá òsì níwájú, nítòsí fìláwíìlì. Ibẹ̀ ni ilé ẹ́ńjìnnì sábà máa ń là sí. Ẹ fi kẹrosíìnì nù ún, kó gbẹ, kí ẹ fi ẹfun ra á. Bí ó bá là, ọ́ìlì á fa ìlà sórí ẹfun náà.

Ti kọ́mpírẹ́ṣàn, ìyẹn agbára tí písítìnnì fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀: sítáátà Ìjàpá kì í wà lára ẹ́ńjìnnì, ara gíábọ́ọ̀sì ló ń dè mọ́. Ẹ́ńjìnnì tó bá wà nílẹ̀ kò ṣeé dán wò àfi kí wọ́n so ó mọ́ gíábọ́ọ̀sì àtijọ́ tó ní sítáátà àti bátìrì. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ ṣí ẹnu káríbúrétọ̀ pátápátá, kí ẹ tó ta á. Bí géèjì kọ́mpírẹ́ṣàn bá ka 100 sí 130 psi ní ihò púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, ó dára. Bó bá sún mọ́ 70, ó ti gbó. Bí ọ̀kan bá relẹ̀, ẹ rọ ọ́ìlì ṣíbí kékeré kan síbi púlọ́ọ̀gì rẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n. Bó bá gòkè, ríngì ló lọ. Bí kò bá kúrò lójú kan, fááfù ni.

Asẹ́ ọ́ìlì kì í purọ́

Ìjàpá kò ní fílítà ọ́ìlì bíi ti ọkọ̀ òde òní. Asẹ́ kan ló wà nídìí rẹ̀, lábẹ́ ìdérí tí nọ́ọ̀tì kékeré mẹ́fà dè. Ẹ ṣí i kí ẹ tó tú nǹkan mìíràn, ẹ da ìdọ̀tí inú rẹ̀ sórí aṣọ funfun. Ẹ̀rọfọ̀ dúdú kò burú. Bí ẹ bá rí ohun tó ń dán bí idẹ, ojú bẹ́árìǹgì ti jẹ dé ìsàlẹ̀, kíráńkì gbọ́dọ̀ jáde fún wíwọ̀n. Èyí tí mágínẹ́ẹ̀tì bá fà jẹ́ irin, ara káàmù, ọ̀pá tó ń mú kí fááfù ṣí, ló sì sábà máa ń ti wá. Bí bẹ́árìǹgì bá ti fọ́ nínú ẹ́ńjìnnì kan rí, ẹ má lo ìtútù ọ́ìlì rẹ̀ (ohun tó ń mú ọ́ìlì tutù) mọ́. Ìdọ̀tí irin há sínú rẹ̀, pẹtiróòlù kò lè fọ̀ ọ́ tán, á sì padà wá jẹ bẹ́árìǹgì tuntun yín.

Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, ẹ má fi agbára fún nọ́ọ̀tì mẹ́fà yẹn: 7 Nm péré ni (Nm ni wọ́n fi ń wọn agbára tí a fi ń fún nọ́ọ̀tì).

Tọ́pù, fááfù àti òpó tó ti fà

Ẹ wo àárín ìjókòó fááfù méjì àti ẹ̀gbẹ́ ihò púlọ́ọ̀gì, bóyá ó là. Ẹ mi fááfù inú gáìdì rẹ̀: bí ẹnu rẹ̀ bá ń yẹ̀ ju 0.8 mm lọ, gáìdì ti jẹ. Fááfù èéfín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ pààrọ̀ láìwo bí wọ́n ṣe rí. Ti sílíńdà kẹta ló máa ń kọ́kọ́ já, nítorí nínú ẹ́ńjìnnì àtijọ́, ìtútù ọ́ìlì ló dúró síwájú afẹ́fẹ́ tó ń lọ síbẹ̀. Orí fááfù tó bá já yóò lu písítìnnì fọ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti lọ fááfù mọ́ ìjókòó rẹ̀, ẹ da pẹtiróòlù sínú tọ́pù fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò gbọdọ̀ jò.

Òpó tó di tọ́pù mú sábà máa ń fa okùn inú ihò rẹ̀, ibi tó yí wọ̀ lára ilé ẹ́ńjìnnì, yọ. Òṣogbo ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ Machine Tools àti Steel Rolling sílẹ̀ sí, ẹni tó mọ leedi (ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ irin) kò wọ́n níbí: ẹ jẹ́ kí ó gbẹ́ ihò náà, kí ó fi okùn irin sínú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà sún mọ́ ọn. Èérún màgnísíọ̀mù máa ń jó, bí iná bá sì mú un, ẹ má da omi sí i rárá. Yanrìn gbígbẹ ni kí ẹ bù lé e.

Ẹ fa túùbù rọ́ọ̀dù fááfù gùn tó 190 mm kí ẹ tó fi síbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ síìlì rẹ̀ á máa jo ọ́ìlì. Nọ́ọ̀tì tọ́pù ń bẹ̀rẹ̀ láti àárín, ẹ kọ́kọ́ fún gbogbo rẹ̀ dé 10 Nm, lẹ́yìn náà 31 Nm fún òpó 10 mm, tàbí 25 Nm fún òpó 8 mm. Àyè 0.15 mm, tí wọ́n ń fi fíìlà wọ̀n, ni fún gbogbo fááfù, ní tútù, ẹ máa yí púlì ní ìdajì ìgbà kọ̀ọ̀kan: sílíńdà 1, 4, 3, 2.

Fìláwíìlì nìkan ló ń gba agbára gidi. Nọ́ọ̀tì 36 tó wà láàárín rẹ̀ ń fẹ́ 343 Nm, tọ́ọ̀kì wrench (sípánà tó ń wọn agbára) ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kò sì lè dé ibẹ̀. Ẹ so páìpù mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì kó dùbúlẹ̀ gbọọrọ, ẹ de fìláwíìlì mọ́lẹ̀, kí ẹ sì rọra fi àpò sìmẹ́ńtì kan tó jẹ́ kílò 50 kọ́ ọ ní 70 sẹ̀ńtímítà sí àárín nọ́ọ̀tì. Ó wúwo láti gbé, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ pé.

Páànù tí wọ́n ń jù nù

Ẹ́ńjìnnì yìí kò lómi, afẹ́fẹ́ ló ń mú un tutù. Mẹkáníìkì á tú páànù ìsàlẹ̀ sílíńdà, á ní kò wúlò, ẹ́ńjìnnì á sì gbóná kó tó dé Iléṣà. Gbogbo páànù gbọ́dọ̀ pé, títí kan rọ́bà tó yí ibi ẹ́ńjìnnì ká, nítorí tí kò bá sí, afẹ́fẹ́ gbígbóná láti abẹ́ á padà gòkè sínú fáànù. Ẹ yọ ilé eku àti àkísà inú ilé fáànù.

Rọ́bà epo tuntun nìkan ni kí ẹ fi sí i, kí ẹ fi kílíìpù mú un. Ẹ fa ẹnu idẹ kékeré tí epo ń gbà wọ káríbúrétọ̀: tó bá mì, ẹ má ta ọkọ̀, ọ̀nà iná ni.

Tí ó bá ti wọlé, ẹ da ọ́ìlì lítà 2.5, 20W-50. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì, ẹ ta sítáátà títí iná ọ́ìlì á fi kú, kí ẹ tó dá wọn padà. Bí káàmù bá jẹ́ tuntun, ẹ fi 2,000 yíyí ní ìṣẹ́jú kan tàn án fún ìṣẹ́jú 20, ẹ má jẹ́ kó sùn. Lẹ́yìn 500 kìlómítà, ẹ da ọ́ìlì nù, ẹ tún wọn fááfù, ẹ sì ṣí asẹ́ sórí aṣọ funfun. Bí ẹ bá rí idẹ níbẹ̀, ẹ má tún ta sítáátà.