Bí Mo Ṣe Wọn Gáàsì Inú Gálásì Kan, àti Ibi Tí Èyí Tó Pọ̀ Nínú Rẹ̀ Wọlé Sí

Ká ní ọ̀kan nínú àwọn ìtọ́sọ́nà tí mo kà lórí bí wọ́n ṣe ń wọn gáàsì inú gálásì, ìyẹn àgbájọ ìràwọ̀ rẹpẹtẹ, sọ fún mi pé awò tó ń ya àwòrán tó mọ́ jù náà ló lè pàdánù gáàsì jù, mi ò bá má jìyà tó bẹ́ẹ̀. Kò sí èyí tó sọ ọ́. Gbogbo wọn ló ní kí n wa fáìlì jáde, kí n ro ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ pọ̀, kí n fi nọ́ńbà kan sọ ọ́ di ìwọ̀n gáàsì, ó parí. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Iye tó jáde kò bá ti ẹnikẹ́ni mu.

Gálásì tí mo mú ni NGC 628, tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí M74. Ó kọjú sí wa gbàgàdà, ó sì jìnnà sí wa tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 32 ọdún ìmọ́lẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò ju pé: gáàsì tútù mélòó ló ní lọ́wọ́, tó bá sì ń bí ìràwọ̀ bó ṣe ń bí i yìí, ìgbà wo ni gáàsì náà máa tán? Háídírójìn ló kún inú ìkùukùu tí ìràwọ̀ ti ń jáde, àmọ́ ibẹ̀ tutù tó nǹkan bíi 263 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, mólékù háídírójìn kì í sì í sọ̀rọ̀ nínú irú òtútù bẹ́ẹ̀. Átọ́ọ̀mù méjì tó para pọ̀ di í jọra délẹ̀délẹ̀, ooru tó sì lè mú un tan ìmọ́lẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń lépa CO, ìyẹn kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáídì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣín-ún ló wà nínú ìkùukùu náà. Ọdún 1970 ni Wilson, Jefferts àti Penzias kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ láti Orion, lórí ìgbì rédíò tó gùn ní mìlímítà 2.6. Àbúrò ìgbì yẹn, tó gùn ní mìlímítà 1.3, ni èmi lò, látinú fáìlì ALMA, ìyẹn ọ̀wọ́ àwo ńláńlá tó ń gba ìgbì rédíò láti ojú ọ̀run.

Mi ò ní fi wíwa fáìlì àti ṣíṣí CASA, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń sọ dátà rédíò di àwòrán, dá yín dúró. Iye ìràwọ̀ tí gálásì náà ń bí kò sì yọ mí lẹ́nu: ìmọ́lẹ̀ àwọn ọmọdé ìràwọ̀, àti ooru eruku tó bò wọ́n, ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀.

Máàpù tó jáde rẹwà, kí n má purọ́. Apá gálásì náà yọ gedegbe, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka àwọn ìkùukùu ibẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, mo sì ti ń fi han àwọn èèyàn kiri. Ìgbà tí mo pín gáàsì fún iye ìràwọ̀ ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ohun tí àwọn tó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí máa ń rí fún irú gálásì bẹ́ẹ̀ ni nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún méjì. Tèmi kéré sí i dáadáa. Inú mi tiẹ̀ kọ́kọ́ dùn díẹ̀, bóyá mo ti rí ohun tí wọn ò rí! Mo bá gbé HERACLES wá, máàpù tí wọ́n fi àwo kan ṣoṣo tó fẹ̀ ní mítà 30 yà láti Pico Veleta ní Sípéènì. Máàpù yẹn ṣú, kò wu èèyàn wò, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ ju tèmi lọ fíìfíì.

Mo yẹ gbogbo ìṣirò mi wò. Mo ti sọ Jansky di Kelvin bó ṣe yẹ, ìyẹn òṣùwọ̀n méjì tí wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ rédíò. Mo ti ro ti ìyàtọ̀ àárín ìgbì CO méjèèjì, ti 2.6 àti ti 1.3, mọ́ ọn. Kò sí ibi tí ó ti já. Ìbínú ni mo fi ń gbé atọ́ka kiri orí máàpù nígbà tí mo dé àlàfo tó wà láàárín apá méjì, tí nọ́ńbà tó hàn nísàlẹ̀ gbé àmì ìyọkúrò wá. Mo sún un sápá ọ̀tún, ìyọkúrò. Mo sún un sókè, ìyọkúrò. Gbogbo ibi tó yí ìkùukùu dídán ká ló jìn wọnú ìsàlẹ̀ òdo. Gáàsì wo ló ń tan òkùnkùn?

Àlàyé rẹ̀ rèé. ALMA kì í wo ojú ọ̀run bí àwo kan. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tí àwo méjì-méjì gbọ́ ló fi ń hun àwòrán. Bí àwo méjì bá ṣe jìnnà síra tó ni wọ́n ṣe ń rí ohun kékeré tó. Láti rí ohun gbòòrò, wọ́n ní láti sún mọ́ra, ṣùgbọ́n àwo méjì tó fẹ̀ ní mítà 12 ò lè sún mọ́ra ju nǹkan bíi mítà 15 lọ láìforí gbára. Nínú NGC 628, ìyẹn túmọ̀ sí pé gáàsì tó bá tẹ́ rẹrẹ ju nǹkan bí 1,600 ọdún ìmọ́lẹ̀ lọ ń jò gba inú rẹ̀ kọjá bí omi inú asẹ́. Kókó nìkan ló ń ṣẹ́ kù. Kì í ṣe díẹ̀ ló ń jò o. Ní 2013, Pety àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé nínú gálásì míì, M51, nǹkan bí ìdajì ìmọ́lẹ̀ CO ló wá láti ara gáàsì tó tẹ́ rẹrẹ bẹ́ẹ̀. Ìdajì! Ìtọ́sọ́nà wá kà á sí ohun tí kò yẹ ní gbólóhùn kan.

ALMA ní tirẹ̀ kò fi í pamọ́, ìwé ìlò rẹ̀ sọ ọ́, wọ́n sì ti pèsè ohun tó ń dí àlàfo náà. Àwo 66 ló wà lórí Chajnantor ní aṣálẹ̀ Atacama ní Chile, níbi tó ga tó mítà 5,000: àádọ́ta ńlá tó ń ya àwòrán tó mọ́, 12 tó fẹ̀ ní mítà 7 tó lè fara ti ara wọn, àti ńlá mẹ́rin tí kálukú wọn ń dá wo ojú ọ̀run. Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní fáìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kí àwo ńlá àti kékeré tó lè di àwòrán kan, dátà tí wọn ò tíì sọ di àwòrán ni mo ní láti wa jáde, hádì dísíìkì mi sì kún kó tó dé ìdajì. Mo ra òmíràn. N kò retí ìnáwó yẹn rárá nínú iṣẹ́ tí wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni.

Feather ni wọ́n ń pe iṣẹ́ tó ń so ti àwo adáwò mọ́ ìyókù. Ẹnu ló ti rọrùn. Ó kọ́kọ́ kọ̀ fún mi torí pé ìgbì wà ní ipò kẹta nínú fáìlì kan, ó wà ní ipò kẹrin nínú èkejì. Mo tò wọ́n dọ́gba, ó gbà, àmọ́ etí máàpù wá tàn yòò níbi tí kò sí nǹkan kan. Ojú ALMA kì í ríran dọ́gba, ó ń ṣú bó bá ṣe ń lọ sí etí. Ẹ fi bó ṣe ń ṣú yẹn sọ máàpù adáwò di púpọ̀ kí ẹ tó so wọ́n pọ̀, kí ẹ wá pín in padà lẹ́yìn náà. Ìlà méjì péré nínú kóòdù ni, òun ló sì jẹ mí ní oorun jù.

Àmì ìyọkúrò wábi gbà. Nígbà tí mo sọ máàpù tuntun náà di bàìbàì bíi ti HERACLES, méjèèjì bára mu, gáàsì náà sì tó lò fún nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún méjì. Ẹ̀yin tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, máàpù àwo kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí, bó ti wù kó ṣú tó, kí ẹ ro ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ̀ kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ò tún ní wo máàpù ALMA kankan mọ́ láìkọ́kọ́ gbé atọ́ka sí àlàfo.

Nọ́ńbà tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ CO di ìwọ̀n gáàsì ṣì ń bí mi nínú. 4.35 tí gbogbo èèyàn ń lò, ara Milky Way, gálásì tiwa, ni wọ́n ti gé e. Ó máa ń pọ̀ jù fún àárín gùngùn ọ̀pọ̀ gálásì, ó sì kéré púpọ̀ fún irú gálásì kékeré Small Magellanic Cloud, tí àwọn élímẹ́ǹtì wíwúwo ò pọ̀ nínú rẹ̀. Mo yọ àárín NGC 628 sọ́tọ̀, mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú 4.35 àti pẹ̀lú nọ́ńbà tó kéré sí i, mo sì kọ iye méjèèjì sílẹ̀.