Bí A Ṣe Ń Fi Atọ́kùn Àwàdà Òṣèlú Méjì Wé Ara Wọn

Ẹni tó bá ń béèrè pé ta ló pa òun lẹ́rìn-ín jù láàárín Jon Stewart àti John Oliver, ààyò rẹ̀ ló ń wá. Kò tíì fi wọ́n wé ara wọn. Iṣẹ́ àwọn atọ́kùn àwàdà òṣèlú ilẹ̀ Amẹ́ríkà dúró lórí ohun méjì: ẹ̀rí àti ẹ̀rín. Ibi tí kálukú ń gbé ọ̀kan sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì la fi ń dá ọwọ́ rẹ̀ mọ̀.

Àwọn tó bára mu ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni Oliver ń ṣe ètò rẹ̀ ní ìkànnì HBO láti ọdún 2014, ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Kò sí ìpolówó ọjà láàárín rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sì lè gba ogún ìṣẹ́jú. Seth Meyers ti ìkànnì NBC ní tirẹ̀ ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ alẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀. Ìròyìn tó jáde lówùúrọ̀ lè ti di ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Bí ẹ bá gbé àwọn méjèèjì sórí ìwọ̀n kan náà, tí ẹ wá ní Oliver ló ń walẹ̀ jìn jù, àkókò tí wọ́n fún un lẹ wọ̀n, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀. Meyers àti Stephen Colbert nínú Late Show ti ìkànnì CBS bára mu dáadáa. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, Stewart àti Trevor Noah ló rọrùn jù, torí ètò kan náà, The Daily Show, ni àwọn méjèèjì tọ́kùn rẹ̀. Stewart wà níbẹ̀ láti 1999 sí 2015, Noah sì gbà á títí di ìparí 2022. Níwọ̀n bí ọdún wọn kò ti pàdé, ẹ wá ìṣẹ̀lẹ̀ tó jọra, bí àpéjọ ńlá tí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú fi ń fa olùdíje wọn kalẹ̀ ní ọdún mẹ́rin-mẹ́rin.

Ẹ mú ètò mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan láìmú gègé dání, kí ẹ rẹ́rìn-ín yín tán. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ìlà sórí bébà kó pín sí ọ̀nà mẹ́rin: àkókò, ẹ̀rí, ẹ̀fẹ̀, ẹni tí ẹ̀fẹ̀ náà bà. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó fún ètò kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ibi tí kókó ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti máa kà, kì í ṣe ibi ìkíni. Ẹ máa dá fídíò dúró lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Fídíò ìròyìn, ìwé òfin, iye owó àti ọ̀rọ̀ tí olóṣèlú fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, ẹ̀rí ni gbogbo wọn.

Bébà yẹn máa sọ̀rọ̀. Wo Stewart: á fi fídíò olóṣèlú kan hàn tó ń fi gbogbo ẹnu sọ nǹkan, á wá fi òmíràn tì í, níbi tí ẹni náà gan-an ti sọ òdìkejì rẹ̀ lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Stewart ò ní tíì sọ nǹkan kan. Á wo kámẹ́rà, á fọwọ́ gbá ojú, ilé á ti gba ẹ̀rín kó tó lanu. Ẹ̀rí méjì, ìdákẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà ẹ̀fẹ̀. Ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá tí ìdákẹ́jẹ́ náà gbà, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ Stewart wà. Ti Oliver yàtọ̀: gbólóhùn ẹ̀rí kan, àfiwé ẹlẹ́fẹ̀ tó yára tí kò bá ọ̀rọ̀ náà tan rárá, ó tún di orí ẹ̀rí. Ẹ̀rín rẹ̀ jẹ́ ìsinmi, nítorí òfin íntánẹ́ẹ̀tì tàbí gbèsè ìtọ́jú ìṣègùn kì í ṣe ohun tí èèyàn lè gbọ́ fún ogún ìṣẹ́jú láìmí. Nígbà mìíràn, ìṣe ló fi ń parí rẹ̀. Ní 2016, iléeṣẹ́ tó dá sílẹ̀ ra gbèsè ìṣègùn tó tó mílíọ̀nù 15 dọ́là ní nǹkan bí 60,000 dọ́là péré, ó sì fi í jin àwọn tó jẹ ẹ́. Ní ti Meyers, nínú apá tó pè ní A Closer Look, ó jókòó sídìí tábìlì, ó ń to ìròyìn náà tẹ̀ léra, á wá yà bàrá lọ sínú ohùn olóṣèlú kan tó ń sín jẹ, kó tó padà síbi tó ti fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Colbert ń fẹ́ ìlà karùn-ún: ta ló ń sọ̀rọ̀? Nínú The Colbert Report, láti 2005 sí 2014, ìṣe asọ̀rọ̀-òṣèlú apá ọ̀tún (ìhà ẹgbẹ́ Republican) tí kò gba ìwádìí gbọ́ ló wọ̀ bí ẹ̀wù. Ìyìn ẹnu rẹ̀ ni èébú. Ohun tó ṣe níbi oúnjẹ alẹ́ àwọn oníròyìn White House ní oṣù Kẹrin 2006 nìyẹn: ó ń yin Ààrẹ George W. Bush, Bush sì jókòó nítòsí. Nígbà tó dé Late Show ní 2015, ó bọ́ ẹ̀wù yẹn. Ẹni tó bá da ètò méjèèjì pọ̀ sórí bébà kan yóò rí ìtakora níbi tí kò sí, nítorí náà ẹ kà á sí atọ́kùn méjì.

Ìlà ẹni tí ẹ̀fẹ̀ bà ni ojúsàájú ti máa ń wọlé. Ẹni tó bá ń wo Colbert àti Greg Gutfeld ti Fox News, ìkànnì tó tẹ̀ sí apá ọ̀tún, á máa kọ “àlàyé” síwájú ẹni tí òun àti ẹ̀ ń rò bákan náà, “èébú” síwájú èkejì. Ẹ fi èyí dán ẹ̀fẹ̀ wò: ẹ yọ orúkọ olóṣèlú inú rẹ̀, kí ẹ fi ti ẹgbẹ́ kejì sí i. Bí ẹ̀fẹ̀ náà bá ṣì dúró, ara, ọjọ́ orí tàbí orúkọ búburú gbogbo olóṣèlú ló fẹ̀yìn tì. Bí ó bá wó, ìwà pàtó kan ló dì mú. Ẹ ka mélòó ló dúró àti mélòó ló wó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Àwọn nǹkan kan wà tó ń ba ìwọ̀n jẹ́. Fídíò kéékèèké orí YouTube ti pàdánù ohun tó ṣáájú ẹ̀fẹ̀. Ètò ìgbà kòrónà ní 2020 kò ní òǹwòran nínú ilé, nítorí náà ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ kò ṣeé kà. Ọ̀rọ̀ rírùn ní HBO kì í ṣe ìgboyà, kò kàn sí ẹni tó máa fi ariwo bò ó bíi ti CBS ni.

Èyí tó le jù ni pé ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ló wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tí ẹ ń gbọ́. Ẹ ka ọ̀rọ̀ náà lójú ìwé láìgbọ́ ohùn. Ohun tó bá ṣì ń pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀, ó lè jẹ́ ti àwọn òǹkọ̀wé. Kí ẹ wá wá àwọn ètò oṣù Kìíní 2008, nígbà tí ìyanṣẹ́lódì àwọn òǹkọ̀wé ṣì ń lọ, tí Stewart àti Colbert padà sórí afẹ́fẹ́ láìsí wọn. Stewart tilẹ̀ yí orúkọ tirẹ̀ sí A Daily Show. Ẹ fi bébà yín ka ìwọ̀nyí náà, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti oṣù Kẹwàá 2007. Ìlà tí kò bá yí padà ni kí ẹ kọ sábẹ́ orúkọ atọ́kùn.