Àṣìṣe Tí À Ń Ṣe Bí A Bá Ń Ra Ìwé Ẹṣin fún Ọmọdé

Ọmọ tí ìfẹ́ ẹṣin bá ti wọ̀ lọ́kàn, ìwé tí ẹṣin bá wà lára èèpo rẹ̀ ni yóò máa nawọ́ sí. Ibẹ̀ gan-an ni àwa òbí ti ń ṣìnà. A rí ẹṣin, a rí ọmọbìnrin tó ń rẹ́rìn-ín lórí rẹ̀, a sanwó, ó parí. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé ẹṣin tó lókìkí jù lọ ni ìyà wà nínú wọn, ikú wà níbẹ̀, títà àti rírà wà níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rà á ló yẹ kó kọ́kọ́ kà á.

Ẹ jẹ́ ká mú Black Beauty, torí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rà. Ìparí ọdún 1877 ni ìwé Anna Sewell yìí jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò tó oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà tí obìnrin náà fi kú. Kì í ṣe ọmọdé ló ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń fi ẹṣin jẹun ló ń bá wí: awakọ̀ tó ń fi ẹṣin gbé èrò kiri Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń fọ ẹṣin, àti ọ̀gá tó jókòó sínú kẹ̀kẹ́ tó ń pàṣẹ. Láyé ìgbà náà, àwọn olówó fẹ́ kí ẹṣin wọn máa gbé orí sókè ṣánṣán. Wọ́n á fi awọ kan fa ìjánu rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, débi pé bí ẹṣin bá ń fa kẹ̀kẹ́ gun òkè, kò ní lè tẹ orí síwájú kó fi gbogbo agbára fà á. Oge lásán ni! Ẹṣin fúnra rẹ̀ ló ń sọ ìtàn náà, ó sì ń ròyìn bó ṣe ń dùn ún lẹ́nu àti lọ́rùn. Ginger, abo ẹṣin tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò lè mú un mọ́ra. Lọ́jọ́ tí wọ́n tún fà á sókè sí i, ṣe ló bẹ̀rẹ̀ sí í ta nípàá. Nígbà tí àwọn méjèèjì tún pàdé ní Lọ́ńdọ̀nù, Ginger ti rù kan egungun, ó ní ikú ló kù tí òun ń fẹ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ẹrù gbé òkú ẹṣin kan kọjá. Black Beauty gbà pé Ginger ni, ó sì ń gbàdúrà kó rí bẹ́ẹ̀, kí ìyà ọ̀rẹ́ òun lè dópin.

Ẹ ka ìyẹn fún ọmọ ọdún márùn-ún lálẹ́, kò ní sùn bọ̀rọ̀. Àmọ́ ohun tí a máa ń ṣe láti fi sá fún ẹkún náà tún burú ju ẹkún lọ: a ó lọ ra èyí tí wọ́n gé kúrú, tí wọ́n ti yọ Ginger kúrò nínú rẹ̀ pátápátá. Kí ló wá ṣẹ́kù? Ẹṣin dúdú kan tí wọ́n ń tà láti ọwọ́ dé ọwọ́, kò sì sí ẹni tó mọ ìdí. Ní tèmi, kí ìwé náà wà lórí pẹpẹ títí ọmọ yóò fi tó ọdún mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá, kó wá kà á délẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí èyí tó kéré tọ́ ọ wò, ẹ ka ibi tí Merrylegs ti ń sọ̀rọ̀ fún un. Pónì kúkúrú kan báyìí ni Merrylegs. Àwọn ọmọkùnrin ń gùn ún láìsinmi, wọ́n ń fi pàṣán nà án, bí ẹni pé ẹ̀rọ ni. Nígbà tó sú u, ó dìde lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ẹni tó wà lórí rẹ̀ sì yọ̀ bọ́ sílẹ̀ gba ìdí rẹ̀. Ọmọdé á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà á sì wọ̀ ọ́ létí.

Pónì tí mo sì dárúkọ yìí, ẹ má pè é ní ọmọ ẹṣin fún ọmọ yín. Àgbà ẹranko ni, ó kàn kúrú ni. Èyí tí gíga rẹ̀ ní èjìká kò bá kọjá nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 148 ni wọ́n sábà máa ń kà sí pónì. Ọmọ tí ẹ bá sọ fún pé yóò dàgbà di ẹṣin yóò máa retí ẹ̀ títí ìwé á fi parí.

Ti ẹṣin igbó ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Misty of Chincoteague, tí Marguerite Henry kọ lọ́dún 1947, ni àpẹẹrẹ tó dára jù. Ibi tó ń sọ wà lóòótọ́: erékùṣù méjì ní etíkun Virginia ní Amẹ́ríkà, àwọn pónì ń gbé Assateague, àwọn ènìyàn ń gbé Chincoteague. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú tó kẹ́yìn oṣù Keje, àwọn agẹṣin á da agbo pónì náà sínú omi, wọ́n á lúwẹ̀ẹ́ kọjá sí Chincoteague. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á lu àwọn ọmọ wọn ní gbàǹjo. Àwọn panápaná ìlú náà, tí wọn kì í gbowó iṣẹ́, ló ni agbo yìí. Owó gbàǹjo ni wọ́n fi ń tọ́jú àwọn ẹṣin àti iṣẹ́ wọn, àgbà ẹṣin kò sì gbọdọ̀ ju 150 lọ lórí ilẹ̀ náà. Ọmọ tó bá ka ìwé yìí láìgbọ́ èyí yóò rò pé ìkà ènìyàn ló ń ta ọmọ ẹṣin kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Misty inú ìwé, inú igbó Assateague ni wọ́n bí i sí. Misty gidi, ọgbà ìdílé Beebe ní Chincoteague ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1946. Òbí kan á ní òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo rẹ̀, òmíràn tó ti gbọ́ èyí á ní irọ́ ni. Àwọn méjèèjì ló ń ba ìwé náà jẹ́. Onítàn mú ẹṣin gidi, ó mú àwọn ọmọ gidi, Paul àti Maureen, ó wá fi tirẹ̀ kún un. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ gbádùn rẹ̀ tán, kí ẹ tó jọ wá ibi tí òtítọ́ pin sí. Ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà gan-an dára fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Spéènì rì, àwọn ẹṣin inú rẹ̀ lúwẹ̀ẹ́ dé èbúté. Àwọn kan sì wà tí wọ́n ní àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ ló da ẹran wọn síbẹ̀ kí wọ́n má baà san owó orí lé wọn. Ẹ ò rí i pé ìjiyàn wà níbẹ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè dá sí?

Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Stormy, ìwé mìíràn tí Henry kọ nípa Misty, tó jáde lọ́dún 1963, dá lórí ìjì tó jà ní etíkun yẹn lọ́dún 1962, tí wọ́n fi mú Misty tó lóyún wọ inú ilé ìdáná. Ẹṣin nínú ilé ìdáná! Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì mọ Misty kò ní mọ ìdí tí gbogbo ayé fi ń dààmú nípa rẹ̀.

Ẹṣin tó ń jẹko láìsí okùn lọ́rùn kì í sábà jẹ́ ẹṣin igbó. Àwọn Yorùbá tó ń gbé gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń kó ọmọ lọ sí New Forest, wọ́n á ní, “Wò ó, àwọn tó wà nínú ìwé rẹ nìyẹn.” Gbogbo pónì ibẹ̀ ló ní ẹni tó ni ín, bí wọ́n ṣe gé irun ìrù wọn ni wọ́n fi ń mọ̀ pé olówó wọn ti san owó ìjẹko. Mustang ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, àwọn ẹṣin tí ará Spéènì kó dé ni ìran wọn ti ṣẹ̀. Àwọn takhi ilẹ̀ Mòǹgólíà ni wọ́n sábà máa ń pè ní ẹṣin igbó gidi, àwọn náà sì ti run nínú igbó kí wọ́n tó kó ìran wọn padà láti ọgbà ẹranko lọ́dún 1992. Ìwé tó bá da gbogbo wọn pọ̀, ẹ fi sílẹ̀ lórí àtẹ.

Ti pé ọmọbìnrin nìkan ló ni ìwé ẹṣin, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ta ìwé ni. Ọmọkùnrin ló wà láàárín The Black Stallion ti 1941.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni ìwé tí ọmọ á ti na ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan, tí akọ ẹṣin igbó á sì fi imú kàn án, ọ̀rẹ́ dé. Ọmọ tó ka irú rẹ̀ ni yóò sáré gba ẹ̀yìn ẹṣin lọ́jọ́ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí ìlù àti ìbọn ti dá ẹṣin náà níjì tẹ́lẹ̀. Ẹṣin kì í rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an; bó bá ṣàdédé gbọ́ ìró ẹsẹ̀ níbẹ̀, ìpàá ni. Kí ọmọ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó di ìjánu mú, kó gba ẹ̀gbẹ́ èjìká wá, kó sọ̀rọ̀ kí ẹṣin gbọ́ ọ kó tó fọwọ́ kàn án. Ìwé tó bá fi èyí hàn, kódà lójú ewé kan péré, ẹ rà á. Bí èyí tó wà nílé kò bá sì sọ ọ́, ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́ fún un kí ẹ tó jáde.